Bí Ẹ Ṣe Máa So Kámẹ́rà Mọ́ Tírélà Tí Kò Fi Ní Di Ọ̀ṣọ́ Lásán

Rewáyà ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń kó àlùbọ́sà àti màálù bọ̀ láti òkè ọya gba Ìlọrin lọ s'Íbàdàn ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Láìpẹ́ yìí, kámẹ́rà ni gbogbo wọn ń bèèrè. Wọ́n á ní "ẹ̀gbọ́n, èló ni kámẹ́rà ẹ̀yìn?" Èmi náà á bi wọ́n padà pé ta ló sọ fún yín pé ẹ̀yìn la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ẹ wò ó. Ọwọ́ òsì ni sítíárì wa wà, ọwọ́ ọ̀tún la sì ń tọ̀ lójú títì. Dírẹ́bà lè yọrí lójú fèrèsé wo òsì, àmọ́ ọ̀tún jìnnà sí i, jígí nìkan ló gbójú lé níbẹ̀, ibi tí jígí ò dé sì pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọlọ́kadà àti oní-Màrúwá fẹ́ràn láti gbà. Tírélà tó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún máa ń kọ́kọ́ fẹ̀ sósì díẹ̀ kí ara ẹ̀ lè ráyè yí, ọlọ́kadà á rí àlàfo yẹn, á rò pé wọ́n ń yà fún òun ni, á kó ara ẹ̀ wọbẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Orí ọkọ̀ á ti kọjá lóòótọ́, àmọ́ táyà ẹ̀yìn kì í tọ ipa orí, inú ló máa ń gé gbà. Ẹ lọ dúró ní Takie, nílùú wa níbí, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá pọ̀, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí.

Torí náà tówó yín bá ká kámẹ́rà kan péré, ọ̀tún ni kẹ́ ẹ fi sí. Ẹ̀yìn ló tẹ̀lé e. Ìkẹta, iwájú, kó máa wolẹ̀ nídìí bọ́ńpà, torí orí tírélà ga, tẹ́ ẹ bá wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tí ọmọ tó ń kiri omi gba iwájú yín kọjá, ẹ ò ní rí i rárá. Òsì ló kẹ́yìn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan ọ̀hún, ẹ má ra ti ọkọ̀ kékeré o. Sikirínì tó lè pín ara ẹ̀ sí mẹ́rin lẹ máa bèèrè, ó kéré tán inṣì 7 ló yẹ kó jẹ́, 10 ló dáa jù bí àyè bá wà. Tí kámẹ́rà bá jẹ́ AHD, ìyẹn irú èyí tí àwòrán ẹ̀ mọ́ kedere, sikirínì náà gbọ́dọ̀ lè gba AHD, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ dúdú kirikiri lẹ máa rí. Èyí tí wọ́n kọ IP69K sí lára, ìyẹn àmì pé omi alágbára ò lè wọnú ẹ̀, ni kẹ́ ẹ mú, torí àwọn tó ń fọkọ̀ kì í wojú kámẹ́rà kí wọ́n tó da omi alágbára lù ú.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá kù, ibẹ̀ ló sì ti ń bàjẹ́ jù. Àwọn ọkọ̀ bíi Howo, DAF, MAN, fóòtì 24 ni wọ́n ń lò, bátìrì oní-12 méjì ni wọ́n so tẹ̀ léra. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà bíi Mack, 12 ló pọ̀ nínú wọn. Kámẹ́rà tó dáa á gba fóòtì 9 dé 32, ìyẹn ò ní wàhálà. Àmọ́ ọ̀gá kan gbé ọkọ̀ wá bá mi lọ́dún tó kọjá, bátìrì ló ní ó ń kú, ó ti ra mẹ́ta láàrin oṣù díẹ̀. Ìgbà tí mo ṣí i, ẹni tó so kámẹ́rà fún un lójú ọ̀nà ti lọ fa 12 lára bátìrì kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Ṣé ẹ rí i, bátìrì tí wọ́n ń fa iná lára ẹ̀ á máa rọ, èkejì á máa gba iná ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni méjèèjì máa ń bàjẹ́. Tó bá jẹ́ pé 12 ni nǹkan yín ń lò, ẹ ra kọ̀nfátà tó ń sọ 24 di 12, kì í ṣe owó ńlá. Kẹ́ ẹ sì fa iná láti ibi tó ń tàn tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kí fíúsì tirẹ̀ wà níbẹ̀.

Wáyà ẹ̀yìn gùn. Bọ́dì ẹsẹ̀ bàtà 40 pẹ̀lú orí ọkọ̀, ẹ wá wáyà mítà 20. Ibi tí orí ti pàdé bọ́dì, wáyà tó lọ́ bíi sípíríǹgì ni kẹ́ ẹ lò, irú èyí tó ń gbé iná ẹ̀yìn lọ, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì tó ṣe é yọ, kẹ́ ẹ sì bo ẹnu ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá já bọ́dì sílẹ̀. Ẹ ki wáyà bọ páìpù, kó jìnnà sí sáléńsà. Gálọ́ọ̀pù tó wà lójú ọ̀nà wa yìí á tú nọ́ọ̀tì tí ò ní wáṣà sípíríǹgì láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Wáyà tín-ín-rín kan máa ń wà lẹ́yìn sikirínì fún kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan. Ẹ so ti ẹ̀yìn mọ́ iná rìfáàsì, ti ọ̀tún mọ́ tráfíkétọ̀ ọ̀tún, ti òsì mọ́ ti òsì. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ tráfíkétọ̀, àwòrán ẹ̀gbẹ́ yẹn á gba gbogbo ojú sikirínì, ẹ ò ní máa wá bọ́tìnnì kiri. Àwòrán kámẹ́rà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ yípo bíi ti jígí, kí ohun tó wà lọ́tùn-ún yín hàn lọ́tùn-ún, ti iwájú ò gbọdọ̀ yípo. Mo ti rí dírẹ́bà tó gbá ògiri torí wọn ò yí i, ó rò pé òsì ni ògiri wà, ó sì ń darí ẹ̀yìn ọkọ̀ sọ́tùn-ún níbi tí ògiri wà gan-an.

Ẹ̀tàn kan tún wà níbẹ̀: kámẹ́rà tó fẹjú máa ń mú kí nǹkan dà bíi pé ó jìnnà. Ẹ fi igi tẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ní mítà 1, 2 àti 3, kí dírẹ́bà wò wọ́n nínú sikirínì títí ojú ẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Lásìkò ọyẹ́, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi máa nu ojú kámẹ́rà láràárọ̀, ẹ má fi pẹtiróòlù nù ún, ó máa ń jẹ rọ́bà ara rẹ̀. Tí wẹ́dà bá sì fẹ́ jó nǹkan lára ọkọ̀, ẹ yọ orí bátìrì àti sikirínì kí wọ́n tó tanná.

Mọ́tòbọ́ì náà ò tíì rílé lọ o, tẹ́ ẹ bá ń rìfáàsì, kó ṣì bọ́ sílẹ̀. Òun náà la máa fi dán iṣẹ́ wò kẹ́ ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Kí dírẹ́bà jókòó síbi ìjókòó ẹ̀, kí mọ́tòbọ́ì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó rí bí ọmọdé, kó rìn yí ọkọ̀ ká jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ibi tó bá ti pòórá nínú sikirínì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, kámẹ́rà ẹ̀gbẹ́ yẹn ni rewáyà yín máa tún yí kẹ́ ẹ tó sanwó iṣẹ́ fún un.