Bí A Ṣe Ń Fi Ìpara Oòrùn Para Kí Ó Lè Ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi ìpara oòrùn para ni oòrùn ṣì ń pa lára, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ló sì sábà máa ń fà á.

Rírà kò le. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí 50 àti broad spectrum sí lára, kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí lílò rẹ̀ yóò parí wò. SPF ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ìpara náà ṣe ń dènà UVB tó, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tí ń jó awọ ara. Broad spectrum ló ń fi hàn pé ìpara náà ń dènà UVA pẹ̀lú, ìtànṣán oòrùn mìíràn tí ń gba inú gíláàsì ọkọ̀ wọlé. SPF 30 ń dènà nǹkan bí 97 nínú 100 UVB, 50 sì ń dènà nǹkan bí 98, nítorí náà ẹ má ṣe ra ìgò kékeré olówó gọbọi tí ẹ óò máa ṣahun sí: ìgò ńlá tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ni kí ẹ rà. Bí zinc oxide, èròjà inú rẹ̀ tí ń dènà ìtànṣán, bá ń mú kí ojú funfun bí ẹni tó fi ẹfun kùn ún, ẹ wá irú èyí tí wọ́n po àwọ̀ búráùn mọ́. Iron oxide tó fún un ní àwọ̀ yẹn tún ń dènà ìmọ́lẹ̀ tí ń mú kí àmì dúdú ojú gbilẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Mílígírámù 2 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan ni wọ́n fi ń díwọ̀n SPF tí wọ́n kọ sí ara ìgò, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, wọn a sì tún lú u mọ́ ìpara mìíràn tàbí òrí kí ó lè tó. Àdàlú yẹn ti sọ agbára rẹ̀ nù. Ẹ fún ìpara oòrùn nìkan sórí ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó. Ìwọ̀n ojú àti ọrùn nìyẹn. Ẹ má gbàgbé etí, ẹ̀yìn ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́. Pọ́dà tí wọ́n kọ SPF sí kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí í kun pọ́dà tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ara àgbàlagbà ń fẹ́ nǹkan bí mílílítà 30 lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ju ìdajì ìgò mílílítà 50 lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbà yín nímọ̀ràn pé kí aṣọ alápá gígùn, fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ àti agboòrùn bo èyí tó pọ̀ jù, kí ìpara wà fún ibi tó bá ṣẹ́ kù síta.

Ẹ para ní ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì bí ẹ bá ń bẹ níta. Bí òógùn bá dé, ẹ fi aṣọ ìnujú tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ dípò kí ẹ máa nù ún, nítorí pé ìpara náà ni ẹ ń nù kúrò, kí ẹ sì tún òmíràn fi síbẹ̀.

Àwọn àfín kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kankan ṣeré, àní bí ojú ọ̀run bá ṣú, nítorí jẹjẹrẹ awọ ara tètè máa ń mú wọn. Ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ibòji àti aṣọ ni tirẹ̀.