Fóònù ní mo ti débẹ̀, n kò rí ike: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí geocaching ní Ilé-Ifẹ̀

Àwa mélòó kan la máa ń jáde ní Sátidé ní Ilé-Ifẹ̀ láti wá ike tí ọ̀kan nínú wa ti lọ fi pamọ́. Ẹni tó fi í pamọ́ á fi nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibẹ̀ lórí máàpù ránṣẹ́, àwa yòókù á fi fóònù wá a lọ. Ẹni tó bá rí i á kọ orúkọ sínú ìwé tó wà nínú rẹ̀, á sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Geocaching ni wọ́n ń pè é. Púpọ̀ nínú àwọn àbúrò tó ń dara pọ̀ mọ́ wa ló ti ń ṣe Pokémon GO tẹ́lẹ̀, géèmù orí fóònù tí èèyàn fi ń rìn káàkiri ìlú, ohun tí wọ́n sì mọ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n fi ń wọn ti ibí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo tẹ nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí máàpù, ó ní ibẹ̀ ju ọgbọ̀n kìlómítà lọ. Ṣebí ẹ ní àárín ìlú ni?

Ìdáhùn: Àárín ìlú náà ni, àbúrò. Ohun tí mo kọ ni N 07° 28.950 E 004° 33.600. Ohun tí ìwọ tẹ̀ ni 7.28950, 4.33600. 28.950 yẹn kì í ṣe ìdá dìgírì, ìṣẹ́jú ni, ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló sì wà nínú dìgírì kan bó ṣe wà nínú wákàtí kan. Fi 60 pín in: 28.950 á di 0.4825, 33.600 á di 0.56. 7.4825, 4.56 ni kí o tẹ̀. Bí àwọn tó ń ṣe geocaching ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, ọ̀nà kejì sì ni máàpù orí fóònù fẹ́ràn. Àṣìṣe yìí ti gbé èmi náà dé oko olóko rí, mo ti san owó ọ̀kadà kí n tó fura.

Wàhálà yìí kò sí nínú Pokémon GO, torí géèmù náà ló ń gbé nọ́ńbà mì, àwòrán nìkan ló ń fi hàn ọ́.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, fóònù mi ní ó ku mítà mẹ́ta. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, ó di mọ́kànlá. Mo yí igi máńgòrò yẹn po títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò rí nǹkan kan. Ṣé fóònù ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Fóònù rẹ kò ṣe nǹkan kan. Ó kéré tán, sátẹ́láìtì mẹ́rin ni fóònù gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn wọn kó tó lè mọ ibi tó wà. Ní gbangba pàápàá, tí nǹkan kan kò bo ojú ọ̀run, ó lè fi bíi mítà márùn-ún ṣì í. Lábẹ́ máńgòrò tí ewé rẹ̀ ṣù, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ohùn yẹn ti ń gbá ara ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rántí pé fóònù tèmi náà ti ṣì í lọ́jọ́ tí mo ń gba nọ́ńbà ibẹ̀. Àṣìṣe tèmi àti tìrẹ ti para pọ̀.

Tó bá ti ku bíi mítà mẹ́wàá, fi fóònù sápò. Dúró, kí o wo ohun tí kò bá ìyókù mu: òkúta tí ẹnì kan gbé lé ara wọn, igi gbígbẹ tó dúró létòlétò jù, ihò lẹ́yìn ògiri. Kí o sì ro ẹni tó fi í pamọ́. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, n kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ púpọ̀, ibi tí ọwọ́ tó lórí ìdúró ni mo máa ń fi tèmi sí. Ẹni tó bá mọ̀ mí kì í pẹ́ rí ike mi. Tó bá jẹ́ pé ọfà tó ń tọ́ka ọ̀nà ló ń yí gbiri, fi fóònù ya nọ́ńbà 8 sínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kí o sì bọ́ kẹ́ẹ̀sì tó ní mágínẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀.

Géèmù máa ń ṣàánú ẹni: láti ọgọ́rin mítà lo ti lè yí PokéStop, ìyẹn ibi tí Pokémon GO ti ń fún èèyàn ní ẹrù. Ike kò mọ àánú. Síbẹ̀, ọjọ́ wa sàn. Kó tó di ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ohùn sátẹ́láìtì wọ̀nyí rú fún ará ìlú, ó lè ṣì tó ọgọ́rùn-ún mítà. Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún náà ni wọ́n jáwọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, lọ́jọ́ kẹta oṣù náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé bákẹ́ẹ̀tì dúdú kan lọ sínú igbó ní Oregon ní Amẹ́ríkà, ó fi ìwé àti pẹ́ńsùlù sí i, ó gbé nọ́ńbà ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni gbogbo eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ìgbà náà ni, gbogbo máńgòrò àdúgbò ni ò bá yí po.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n ní dátà?

Ìdáhùn: Fún ike, rárá. GPS, ohùn sátẹ́láìtì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kì í jẹ dátà. Gba máàpù sórí fóònù nílé kí o tó jáde, kí o sì dúró díẹ̀ ní gbangba, torí fóònù tí kò sí lórí dátà máa ń pẹ́ kó tó mọ ibi tó wà. Pokémon GO ní tirẹ̀ kò lè gbéra láìsí dátà. Bátìrì ni kí o bẹ̀rù nínú méjèèjì.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ní àdúgbò wa, n kò rí PokéStop kankan. Mo ti yọ app, mo tún un gbé sórí fóònù. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lo app tó ń purọ́ ibi tí èèyàn wà.

Ìdáhùn: Má ṣe é, wọ́n lè ti àkáǹtì rẹ pa. Kì í ṣe fóònù rẹ ló fà á. Inú Ingress, géèmù tí Niantic kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 2012, ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ àwọn ibi wọ̀nyẹn wá nígbà tí Pokémon GO jáde ní 2016, àwọn tó ń ṣe Ingress ló sì dábàá púpọ̀ nínú wọn. Níbi tí wọn kò pọ̀ sí, ilẹ̀ á ṣófo. Ìwọ nìkan kò lè tún un ṣe.

Tó bá jẹ́ geocaching ni, o lè fi ike sílẹ̀ fúnra rẹ. Tí o bá fẹ́ kó hàn sí gbogbo ayé lórí geocaching.com, ẹnì kan máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e jáde: ó gbọ́dọ̀ fi mítà 161 jìnnà sí èyí tó wà nílẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà, o kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ rì í àyàfi tí onílẹ̀ bá fọwọ́ sí i ní pàtó. Ìtọ́jú rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ọ̀ràn dé. Mo fi téèpù dúdú wé ìgò kékeré, mo fi owó ẹyọ mẹ́ta àti ìwé orúkọ sí i, mo tọ́jú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ igi kan nítòsí oríta. Ìyá kan rí i, ó pariwo, èrò pé jọ, wọ́n da epo sí i, wọ́n sun ún. Kí ni mo ṣe?

Ìdáhùn: Kí lo kù tí o kò ṣe? Ìgò, téèpù dúdú, owó ẹyọ, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ nínú ìwé, oríta! Èmi tí mo mọ ohun tó jẹ́, tí mo bá kan irú rẹ̀ lówùúrọ̀, máa kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Ìyá yẹn kò ṣe àṣejù.

Ohun tí ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn òyìnbó kò ní sọ fún ọ nìyí, òun gan-an sì ló ń ba eré yìí jẹ́ jù níbí. Ike tí ojú ń là kọjá ni kí o lò. Kọ ọ́ sí ìta rẹ̀ gàdàgbà pé: «Eré ìdárayá ni, kì í ṣe oògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà síbẹ̀.» Fi rọ́bà irun, kádì tàbí ohun ìṣeré ọmọdé sí i. Má fi owó ẹyọ sí i, má fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i, má fi aṣọ pupa wé e. Bá onílé tàbí baálé sọ̀rọ̀ kí o tó fi í síbẹ̀, kí ẹnì kan ládùúgbò lè sọ pé òun mọ̀ nípa rẹ̀.

Má sún mọ́ ojúbọ, má sún mọ́ igbó orò. Àwọn òyìnbó ní orúkọ fún ẹni tí kò mọ̀ nípa ike. Ọ̀gbẹ̀rì ni àwa ń pè é. Ṣùgbọ́n tí o bá dé ẹ̀bá igbó Ifẹ̀, ìwọ gan-an ni ọ̀gbẹ̀rì, kí o mọ̀wọ̀n ara rẹ. Bákan náà ni iwájú báńkì, àgọ́ ọlọ́pàá, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí: ẹrù tí kò ní olówó ń dẹ́rù ba ènìyàn láyé òde òní.

Tí ibi kan bá wù ọ́ tí kò ṣeé fi nǹkan sí, má fi nǹkan sí i. Ní Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ìbéèrè ni a ń lò: dé ibẹ̀, ka ìṣó irin tó wà lára òkúta náà, kí o fi iye rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí kò débẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n, a kò sì fi ohunkóhun sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, fẹ́ bá yín jáde. Ẹ̀rù àwọn tó ń já fóònù gbà ló ń bà mí.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ̀rù yín tọ́. Fóònù kan la máa ń lò fún ọmọ mẹ́ta, àgbàlagbà ló sì máa ń mú un lọ́wọ́. Èyí tí mo fi fẹ́ràn ike jù nìyẹn: lọ́dọ̀ wa ojú ọmọ á wà lórí ọ̀nà, kò ní dojú kọ fóònù títí bíi ti géèmù.

Ìbéèrè: Ikán jẹ ìwé inú ike mi, òjò sì ti rẹ èyí tó kù.

Ìdáhùn: Ike tó ní rọ́bà lẹ́nu ìdérí ni, náílọ́ọ̀nù nínú rẹ̀, kó má fara kan ilẹ̀. Pẹ́ńsùlù, má lo bírò. Má fi oúnjẹ sí i láé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo tẹ nọ́ńbà sódì lẹ́ẹ̀kan ni. Mo rí i! Mo mú ìfikọ́kọ́rọ́ tó wà nínú rẹ̀. Kí ló kàn?

Ìdáhùn: O káre láéláé. Kí lo fi sí i? Ẹni tó bá mú nǹkan gbọ́dọ̀ fi èyí tó tó o tàbí tó jù ú lọ rọ́pò. Tó bá jẹ́ pé o kò fi nǹkan kan sí i, padà lọ lọ́la. O ti mọ ọ̀nà báyìí.