Bí ẹ́ńsáìmù mi ṣe gòkè wá nígbẹ̀yìn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi jìyà ọ̀rọ̀ yìí ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo po PEG 4000 (kẹ́míkà onímólékù gígùn kan tó ń yòrò nínú omi) mọ́ iyọ̀ kan tó ń jẹ́ potassium phosphate nínú omi, wọ́n pín sí méjì: PEG lókè, iyọ̀ nísàlẹ̀. (Omi ló pọ̀ jù nínú méjèèjì o, kì í ṣe bí epo pupa lórí omi.) Òkè ni mo fẹ́ kí cutinase, ẹ́ńsáìmù mi (purotéènì tó ń mú kẹ́míkà yára yí padà), lọ, àmọ́ ó jókòó sísàlẹ̀ bíi gàrí Ìjẹ̀bú tí a rẹ.

Mo fi iyọ̀ kún un, purotéènì dì, ó há sáàárín. Mo pààrọ̀ PEG, pàbó. Mo wá so ìrù tryptophan mẹ́rin (amino acid kan, ẹyọ tí a fi ń kọ́ purotéènì) mọ́ ọn, torí tryptophan fẹ́ràn PEG. Ó gòkè díẹ̀, kò tó.

Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ ló ní, "Àbúrò, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fara pamọ́?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Tryptophan tó fara kan ara wọn máa ń ká jọ, PEG ò sì ní kàn wọ́n dáadáa. Mo tún jíìnì tó ń darí ṣíṣe ẹ́ńsáìmù náà kọ: tryptophan, proline (amino acid míì), tryptophan, proline, títí ó fi di ìlọ́po mẹ́rin, ní ìparí purotéènì. Proline ò jẹ́ kí ìrù náà ká. Mo tún un pò, mo wọn apá òkè: ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù wà.

Mi ò mọ̀ bóyá tiyín á gbà. Ẹ ṣáà wò ó bóyá ẹ́ńsáìmù yín ṣì ń ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó yọ̀.