Bọ́ọ̀dù Ò Kú, RAM Ò Bàjẹ́: Ohun Tí Ojú Mi Rí Kí Kọ̀ǹpútà Mi Tó Gba 8GB

₦6,000 ni mo fi ṣòfò lórí RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tí kò bàjẹ́, tí mo rà fún kọ̀ǹpútà tí kò bàjẹ́. Ká ní nǹkan kan jóná ni, màá gba kámú. Ṣùgbọ́n RAM yẹn pé, kọ̀ǹpútà mi pé, ohun tí ìbá sì jẹ́ kí n mọ̀ pé wọn ò lè bára wọn gbé wà lára bébà pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà náà. Ẹni tó ń tà á lójoojúmọ́ kò ka bébà yẹn fún mi. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú mi ò tíì rọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Iléṣà, kò jìnnà sí Ẹrẹ́jà. À ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, à ń ṣe ìwé ìpè ìyàwó, à ń ṣe pósítà ìsìnkú. Kọ̀ǹpútà tó ń gbé iṣẹ́ wọ̀nyí jẹ́ tòkunbọ̀: ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Core 2 Duo E7500, bọ́ọ̀dù rẹ̀ (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ so mọ́) jẹ́ Intel G41, ó ní ojú RAM méjì, ìyẹn ihò tí a ń ki RAM bọ̀, irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3 ló sì ń gbà. 1GB méjì ló bá wá. Tí mo bá ti ṣí CorelDRAW, tí mo tún ṣí Word sí i, ńṣe ni yóò dúró sójú kan, oníbàárà á sì máa wò mí lẹ́nu. Àwọn kan ní kí n gbé e jù nù kí n ra òmíràn. Mi ò gbà. E7500 ṣì ká iṣẹ́ tí à ń ṣe. RAM ló kéré.

Ìwé tó bá bọ́ọ̀dù náà wá sọ pé ó lè gba 8GB. Ojú méjì ló ní, nítorí náà 4GB méjì ni. Mo gba Ilé-Ifẹ̀ lọ nítorí pé ọjà kọ̀ǹpútà pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀dọ̀ wa lọ, torí àwọn ọmọ yunifásítì. Mo dárúkọ bọ́ọ̀dù mi fún ọmọkùnrin tó ń tà á, mo ní G41 ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí DDR3 ni? Ibi tí DDR3 bá wà, DDR3 máa wọ ibẹ̀.” Mo san ₦24,000.

Lóòótọ́ ló wọlé. Bí a ṣe ń yọ wáyà iná, tí à ń fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà kí iná ara wa má bàa ba ṣíìpù jẹ́, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. RAM náà wọ ojú rẹ̀ títí ìdè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi dún. Mo tẹ bọ́tìnnì. Fáànù ń yí, ojú kọ̀ǹpútà dúdú, ó wá ń ké, igbe gígùn kan náà, léraléra.

Ibí yìí ni gbogbo wàhálà wà. Mo yọ ọ́, mo fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa ìwé rẹ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní àwọ̀ góòlù. Igbe. Mo fi ẹyọ kan sójú àkọ́kọ́, mo gbé e sójú kejì, mo fi ìkejì rẹ̀ dán an wò bákan náà. Igbe. Mo yọ bátìrì CR2032 tó wà lórí bọ́ọ̀dù kí BIOS, ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí tí a bá tan kọ̀ǹpútà, lè gbàgbé ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo dá a padà. Igbe. Mo fi tuntun kan kún 1GB kan. Igbe náà ni. Mo wá dá 1GB méjèèjì padà, ó tàn lójú ẹsẹ̀ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Mo pe ẹnjiníà kan. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní bọ́ọ̀dù ti kú, ó sì dárúkọ iye tí òun máa fi bá mi wá òmíràn. Mo ní, “Ẹnjiníà, RAM àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ lójú méjèèjì. Báwo ni bọ́ọ̀dù tó kú ṣe ń tàn?” Ó ní agbára rẹ̀ ti ń lọ ni, pé 1GB ló lè gbé, kò lè gbé 4GB. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú gidigidi. Ẹlòmíràn ì bá ti kówó sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mo lè fọ́nnu lé lórí. Aládùúgbò mi ní kọ̀ǹpútà Core i3 tó ní bọ́ọ̀dù H61, tó tuntun ju tèmi lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, a ki RAM mi méjèèjì bọ̀ ọ́. Ó tàn, ó rí 8GB pé. Mo gbé Memtest86+, ètò tó ń yẹ RAM wò, lé e lórí, mo fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ títí, kò rí àṣìṣe kankan. Ó yé mi nígbà náà pé ẹnjiníà ò rí i, ẹni tó tà á náà ò sì rí i: kò sí aláìsàn nínú wọn.

Mo gbé RAM náà síwájú, mo wò ó dáadáa. Ṣíìpù mẹ́jọ ló wà níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Lára bébà rẹ̀ ni wọ́n kọ 1Rx8 PC3-12800U sí. Iye yẹn, 12800, kọ́ ni ìṣòro. Eré RAM ni, DDR3-1600, bọ́ọ̀dù tó bá lọ́ra jù ú lọ á kàn mú un rìn bó ṣe ń rìn. 1Rx8 gan-an ni. 1R túmọ̀ sí pé ìlà ṣíìpù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀; x8 túmọ̀ sí pé bíìtì mẹ́jọ ni ṣíìpù kọ̀ọ̀kan ń gbé lẹ́ẹ̀kan, bíìtì 64 ni ìlà kan sì ń gbé, torí náà ṣíìpù mẹ́jọ ló wà nínú ìlà náà. Tí mẹ́jọ bá para pọ̀ di 4GB, a jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé 512MB, èyí tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní 4 gígábíìtì. Chipset G41, ìyẹn ṣíìpù tó ń darí bọ́ọ̀dù mi, tí Intel gbé jáde ní 2008, kò mọ ṣíìpù tó ju 2 gígábíìtì lọ, ìyẹn 256MB. Torí náà, kí 4GB tó lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ṣíìpù mẹ́rìndínlógún ló gbọ́dọ̀ ní, mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn: 256 lọ́nà 16, ó di 4,096MB. 2Rx8 ni wọ́n ń kọ sára irú ìyẹn. Ìwé bọ́ọ̀dù tó sọ pé 8GB kò purọ́. Kò kàn sọ irú 8GB tó ń wí ni.

Àlàfo kékeré tó wà láàárín ẹsẹ̀ RAM ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. DDR2 àti DDR3, ẹsẹ̀ 240 ni àwọn méjèèjì ní, ṣùgbọ́n ibi tí àlàfo wọn wà yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ki RAM tó ń jẹ iná 1.8V bọ ibi tí wọ́n ṣe fún 1.5V. Àlàfo yẹn ò mọ ohunkóhun nípa bí ṣíìpù ṣe tóbi tó. Pé ó wọlé kò fi hàn pé yóò ṣiṣẹ́.

Mo padà sí Ifẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní, “A kì í gba ọjà tá a ti tà padà.” Mo ní, “Àbúrò, mi ò ní ó bàjẹ́. Mo dárúkọ G41 fún ọ kí n tó sanwó, ohun tí o tà fún mi ò bá G41 mu.” Ó ní ohun tó wà lára bébà ni òun tà, 4GB DDR3. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Bí àwọn baba wa òṣómàáló ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ra aṣọ láwìn títí wọ́n á fi rí owó wọn gbà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó sórí àga oníbàárà rẹ̀. Mi ò bú u, mi ò pariwo. Ẹni tó bá wọlé, tó bi mí pé kí ni mò ń dúró dè, mo ń ṣàlàyé fún un. Nígbà tó yá, ó ka ₦18,000 fún mi. ₦6,000 tó kù, ó ní èrè tòun nìyẹn. Mi ò tíì ka owó ọkọ̀ Iléṣà sí Ifẹ̀ mọ́ ọn.

Iléṣà níbí náà, ẹnì kan gbé 4GB kan jáde fún mi tí owó rẹ̀ wálẹ̀ gan-an, ṣíìpù mẹ́rìndínlógún pé. Ẹni tó bá ka ṣíìpù nìkan ì bá ti rà á. Mo yí bébà rẹ̀ wò, wọ́n kọ AMD sí i, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń bá Intel du ọjà. Irú RAM bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jà: x4 ni ṣíìpù rẹ̀, bíìtì mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe x8, ìdí nìyẹn tí ìlà kan ṣoṣo fi ní mẹ́rìndínlógún. Àwọn bọ́ọ̀dù AMD ìgbà yẹn lè lò ó, G41 tó jẹ́ ti Intel ò lè lò ó. Mo dá a padà sórí káńtà. Ẹ tún ṣọ́ra fún lẹ́tà tó kẹ́yìn: U, bíi 10600U, ni ti kọ̀ǹpútà wa; R, bíi 10600R, jẹ́ ti sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn iléeṣẹ́ ń lò, á wọlé ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní tàn.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń tú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tà ni mo ti rí 2Rx8 PC3-10600U méjì, ₦20,000. Kí n tó sanwó, a ti jọ sọ ọ́ pé tí kò bá tàn, màá dá a padà, màá sì gba gbogbo owó mi. Bàbá náà ò jiyàn rárá. Ó tàn. BIOS rí 8GB. Windows tèmi jẹ́ 32-bit, irú èyí tí kò lè lo RAM púpọ̀, torí náà 3GB àti díẹ̀ ló ń lò nínú rẹ̀. Mo kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà sórí flash, mo fi 64-bit sí i, ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú. Ní báyìí, CorelDRAW, Word àti Chrome ń ṣí papọ̀, mi ò sì ní kí oníbàárà lọ jáde kó padà wá mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú kọ̀ǹpútà yìí, ẹ ya fọ́tò bébà ara RAM kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á sọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun máa gbà á padà. Tí ẹnjiníà bá ní bọ́ọ̀dù ti kú, ẹ ní kó dá RAM àtijọ́ padà sójú rẹ̀ kẹ́ ẹ jọ wò ó. Tó bá jẹ́ pé G31 ni tiyín, ẹ má wá 8GB rárá. DDR2 ni, 4GB ni òpin rẹ̀. Ẹni tó ní H61 lè ra 1Rx8 tàbí 2Rx8, èyí tó bá rí, títí dé 16GB.