Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ Spanish, ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ "má ṣe"

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi, ẹnì kankan ò bi mí o, àmọ́ mo ń rí "no habla" tẹ́ ẹ ń kọ fún "má sọ̀rọ̀", kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá rí i á rò pé ẹ ń sọ pé ẹnì kan kì í sọ̀rọ̀ ni. Ẹ mú ti "yo", ìyẹn "èmi" (hablo, mo ń sọ̀rọ̀; como, mo ń jẹun; escribo, mo ń kọ̀wé), ẹ gé "o" ìdí ẹ̀ kúrò, èyí tí ọ̀rọ̀ ìṣe ẹ̀ gan-an bá parí sí -ar (bíi hablar) ẹ fún un ní "es", èyí tó bá parí sí -er àbí -ir (bíi comer, escribir) ẹ fún un ní "as": no hables, no comas, no escribas. Ó tán.

Tó bá jẹ́ àgbà tàbí ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí, tá a máa ní "ẹ má", ẹ yọ "s" yẹn: no hable, no coma. Tí wọ́n bá pọ̀, ẹ fi "n" sí ipò "s" yẹn: no hablen.

Sípẹ́lì ló máa ń da èèyàn láàmú jù. Tocar (fọwọ́ kàn) á di no toques, pagar (sanwó) á di no pagues, kí ìró "k" àti "g" má bàa yí padà ni. Ká ní oníbàárà láti Spain wá ra àdìrẹ n'Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ló bá fẹ́ fọwọ́ kan èyí tí aró ẹ̀ ò tíì gbẹ, ẹ yáa pariwo "¡No lo toque!", "lo" yẹn (nǹkan tí à ń sọ) àárín "no" àti ọ̀rọ̀ ìṣe ló máa ń wà o. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ní kó rà á ló tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ ìṣe: cómprelo.