Ìrírí mi: pọ́ǹpù ọ́ìlì Camry mi àti géèjì tó kọ̀ tí ò mira

Iná ọ́ìlì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù bí mo ṣe ń gun òkè Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Mo pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, àwọn onímọ́tò tó wà lẹ́yìn mi sì bú mi tẹ́rùn. Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ò tú bóòtù kan ṣoṣo. Ó fetí sí i, ó mirí, ó ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, kí n lọ wá owó tòkúnbọ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ló bá mi dí ọ́ìlì páànù tó ń jò lóṣù tó ṣáájú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi kí n tó di akọ̀wé. Mo ní n ó tú u fúnra mi. Camry Orobo ni, ẹ́ńjìnnì 5S. Timing belt, bẹ́lìtì tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí, ló ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì tiẹ̀. Mo gba Àràrọ̀mí, ọjà ẹ̀yà mọ́tò, lọ ní Gate, mo ra pọ́ǹpù tuntun ní ₦38,000. Ìkánjú nìyẹn, ẹ ó rí i.

Ẹni tó bá ti tú mọ́tò rí mọ bí wọ́n ṣe ń sọ bẹ́lìtì àti páànù kalẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, kó má torí tèmi dán an wò. Ohun tí mo bá nínú páànù ló jẹ́ kí n pariwo: gọ́ọ̀mù! Mẹkáníìkì yẹn fi gọ́ọ̀mù dí páànù bí ẹni ń fi amọ̀ rẹ́ ògiri, èyí tó yọ sínú já, ó sì lọ bo asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì ò nọ́ọ̀kì. Wọ́n fún un lọ́rùn ni.

Mo fọ asẹ́, mo pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo de pọ́ǹpù tuntun, mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo tú sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì, mo de géèjì tó ń wọn agbára tí ọ́ìlì fi ń tì sójú ihò rẹ̀. Mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo já wáyà ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo, kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí láìgbiná. Mo yí kọ́kọ́rọ́.

Òdo.

Mo sinmi díẹ̀, mo tún un yí. Òdo. Mo fura sí géèjì, mo lọ dè é mọ́ Micra aládùúgbò mi, abẹ́rẹ́ fò sókè. Mo ra fílítà míì. Òdo. Mo tún páànù sọ̀ kalẹ̀, bóyá gásíkẹ́ẹ̀tì asẹ́ ló ń fa afẹ́fẹ́. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Bátìrì kú, kò síná, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá Ìbejì, àbí ká kúkú pe ọkùnrin yẹn padà?" Mi ò dá a lóhùn. Ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko!

Lórí ibùsùn ni mo ti rántí agolo Vaseline tó máa ń wà nínú àpótí sípánà bàbá mi. Àwa ọmọdé rò pé ètè ni wọ́n fi ń pa. Pọ́ǹpù ni! Pọ́ǹpù tuntun tí mo dè yẹn gbẹ kanranjángbọ́n, ó sì ga ju ojú ọ́ìlì lọ. Bí kò bá sí nǹkan tó dí àlàfo àárín jíà méjèèjì inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n á máa lọ̀. Bí pọ́ǹpù omi tí èèyàn ní láti kọ́kọ́ rọ omi sí lẹ́nu ni.

Mo tún un tú (ẹ̀yìn mi ò tíì dárí jì mí). Mo fi Vaseline kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Vaseline ni o, kì í ṣe gírísì: ọ́ìlì gbígbóná máa ń yọ́ Vaseline dànù. Mo rọ ọ́ìlì kún fílítà. Mo yí kọ́kọ́rọ́, kí n tó ka ẹẹ́wàá, abẹ́rẹ́ gbéra. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tán, géèjì dúró sí nǹkan bí 20 psi (òṣùwọ̀n agbára ọ́ìlì) láìtẹ iná, ó sì kọjá 50 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan (3,000 rpm). Láàárín 36 sí 71 ni Toyota fẹ́ níbẹ̀. Mo pe ìyàwó mi pé kó wá wò ó.

Mo wá wọn pọ́ǹpù àtijọ́. Kò jẹ rárá! Ká ní mo ti kọ́kọ́ sọ páànù kalẹ̀ ni, n bá má dé Gate. Ó wà nínú búùtù báyìí, mo ti fi Vaseline kún un lẹ́nu.