Ẹ kọ́kọ́ dé ilé oníṣẹ́ kí ẹ tó ra iṣẹ́ ọnà l'Ọ̀yọ́

Bí ẹ bá ń bọ̀ l'Ọ̀yọ́ Aláàfin láti wá ra igbá fínfín, ìlù tàbí àpò awọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í nájà lójú ẹsẹ̀. Ilé oníṣẹ́ awọ ni wọ́n bí mi sí nílùú yìí. Awọ ni bàbá mi ń gé tó fi rán mi níléèwé, èmi náà sì ń ta á títí dòní. Ohun tí mo máa ń bẹ gbogbo àlejò ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Ẹni tó bá ti jókòó ti afíngbá fún ìgbà díẹ̀, tó rí i bí ọ̀bẹ ṣe ń rìn lára igbá, á dá iṣẹ́ gidi mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ìkánjú ṣe. Owó rẹ̀ kò sì ní í dùn ún láti san.

Láti Ìbàdàn, nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà ni. Ẹ lè wọkọ̀ ní Ojóò. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ dáadáa kí ẹ tó dé, kí ẹ lè ráyè dé ọjà, kí ẹ ráyè dé agboolé. Ẹ sọ fún ọlọ́kadà pé Akẹ̀sán lẹ ń lọ, iwájú ààfin.

Ọjà ọba ni Akẹ̀sán. Ọ̀yọ́-Ilé ló ti wà rí, nígbà tí Aláàfin Àtìbà sì tẹ ìlú tuntun yìí dó láàárín ọdún 1830 sí 1840, wọ́n gbé ọjà náà àti orúkọ rẹ̀ wá síbí. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kìíní, ọdún 2020, iná jó o. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti tún un kọ́, nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ṣàpèjúwe ìsọ̀ kan fún yín bó ṣe wà kí iná náà tó ṣẹlẹ̀, ẹ má gbára lé e. Ẹ kàn béèrè ibi tí àwọn onígbá wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ bá pàdé.

Ẹ kí ìyá tó ń tajà kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ajé á wọ igbá o." Ẹ̀yin ẹ wò bí ojú wọn yóò ṣe là. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: "Ìyá, ta ló fín in?" Bí wọ́n bá lè dárúkọ agboolé tó ti jáde, tí wọ́n sì ṣe tán láti fi ọmọ kékeré kan mú yín débẹ̀, ẹ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ ohun tó ń tà. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ó gba ẹ̀yìn ìyá náà lọ rajà lọ́dọ̀ oníṣẹ́. Bí ẹ bá padà dé, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú, torí àwọn ni wọ́n fọ̀nà hàn yín.

Ní agboolé, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá wà lójúde kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ bá wá. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ kú ọnà." Ẹ tọrọ ààyè kí ẹ tó ya fọ́tò, kí ẹ sì tún tọrọ rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ ya àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́.

Níbẹ̀ lẹ ó ti rí i pé ọ̀nà igbá jìn. Èso tó ń fà lórí ilẹ̀ ni. Bó bá gbó tán, wọ́n á pa á sí méjì, wọ́n á rì í sómi kí ẹran inú rẹ̀ lè jẹrà, wọ́n á wá ha inú rẹ̀ mọ́, wọ́n á sì sá a kó gbẹ. Ẹ̀yìn èyí ni afíngbá tó mú ọ̀bẹ. Èèpo òde ló máa ń gé kúrò, kí funfun abẹ́ rẹ̀ lè yọ, kí àwòrán sì dúró lórí rẹ̀: alángbá, ejò, ẹyẹ, okùn tó lọ́ mọ́ra wọn láìní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn a máa fi irin gbígbóná kọ ọ́ kó lè dúdú. Àwọn méjèèjì ló dára, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ fín nìkan ló máa ń mú mi dúró pẹ́. Kò sí ohun tó ń pa àṣìṣe rẹ́ níbẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, igbá náà ti di ti omi pípọn nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ yàn, ẹ fi ọmọ ìka tọ ojú ilà. Kó jìn déédéé láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí etí rẹ̀ má ṣe rí gbágungbàgun. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀. Ihò wínníwínní túmọ̀ sí pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́, kò sì ní í pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ìka kan án, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó bá dún bí ohun tó là, ó ti sán níbì kan tí ẹ ò tíì rí. Igbá tí wọ́n gán kì í ṣe igbá burúkú, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún yín, kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Bó bá jẹ́ igbá olọ́mọrí, ẹ yí ọmọrí náà ká lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n pa láti ara èso kan náà á jókòó wẹ́kú níbì kan, ilà tó wà lókè á sì bá tìsàlẹ̀ pàdé. Ẹ lè ní kí wọ́n fín orúkọ yín sí i, bí ẹ bá lè dúró tàbí padà wá.

Ní ti awọ, ọ̀rọ̀ mi pọ̀, ẹ fara dà á. Iṣẹ́ awọ l'Ọ̀yọ́ ti wà kí àpò ọlọ́wọ́ méjì tí àwọn obìnrin ń gbé kiri tó dé. Làbà, ìyẹn àpò tí àwọn olùsìn Ṣàngó ń gbé kọ́ èjìká, àkọ̀ idà, apó ọfà, abẹ̀bẹ̀ àti tìmùtìmù tí àwọn ọlọ́lá ń jókòó lé, inú ilé awọ ni gbogbo wọn ti ń jáde. Pupa tí ẹ máa ń rí lára iṣẹ́ àtijọ́, poroporo ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pa á láró. Lónìí, àwọ̀ ìgò wọ́pọ̀, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo kórìíra ni kí ẹnìkan ta awọ ayédèrú ní owó awọ ewúrẹ́. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà: tòótọ́ máa ń ní irun wúruwùru bí òwú tí a fà tu, ayédèrú máa ń ní aṣọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ mú áńkáṣíìfù funfun, ẹ fi omi díẹ̀ sí i, ẹ fi nu àwọ̀ náà níbi tó pamọ́. Bó bá pa áńkáṣíìfù náà láró púpọ̀, yóò pa aṣọ yín náà láró. Ẹ fa ojú ìránṣọ rẹ̀ díẹ̀. Oníṣẹ́ gidi kò ní í bínú sí yín fún èyí. Bàbá mi máa ń na àpò náà sí oníbàárà fúnra wọn pé kó fà á.

Ìlù ńkọ́? Àwọn kéékèèké tí wọ́n so kọ́ fún àlejò wà, wọ́n dára fún ara ògiri. Bó bá jẹ́ èyí tó ń sọ̀rọ̀ lẹ fẹ́, ẹ lọ bá àwọn Àyàn, ìyẹn àwọn ìdílé onílù, kí ẹ sì ní kí wọ́n lù ú kí ẹ tó sanwó. Igi òmọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ dùndún láti inú rẹ̀, awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń bo ojú rẹ̀. Ẹ gbé e há abíyá, kí ẹ fún ọ̀sán rẹ̀, ìyẹn àwọn okùn awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí onílù sì máa lù: ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gòkè láìdáwọ́ dúró, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ bá dẹwọ́. Ẹ béèrè kọ̀ǹgọ́ rẹ̀, igi tí wọ́n fi ń lù ú, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ní ti aṣọ òfì, Ìṣẹ́yìn ni kí ẹ kọrí sí.

Ìnájà kò le. Ẹ ní, "Bàbá, eélòó ni jálẹ̀?" Ẹ lè dín in, ṣùgbọ́n ní ilé oníṣẹ́ tí ẹ ti rí òógùn rẹ̀, ẹ má dín in kọjá ààlà. Èènì ni mo máa ń gba àwọn àlejò níyànjú láti béèrè dípò ìyẹn. Igbá kékeré kan tàbí ìdè kọ́kọ́rọ́ aláwọ, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi ń fún ni. Ẹ mú owó ọwọ́ dání, torí kì í ṣe gbogbo agboolé ni tiransífà ti tètè ń wọlé.

Bí ẹnìkan bá rọra pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé òun ní ère àtijọ́ tàbí oṣé Ṣàngó tó ti inú ojúbọ wá, ẹ dúpẹ́ kí ẹ sì máa lọ. Ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n jí kó lójúbọ àwọn ẹlòmíràn. Òfin tó dá àjọ National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀ ní ọdún 1979 sì ka kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹ bá ń kó iṣẹ́ tuntun pàápàá lọ sókè òkun, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì tọ àjọ náà lọ fún ìwé àṣẹ kí wọ́n má baà dá yín dúró ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo iṣẹ́ yìí lẹ́nu iṣẹ́ wọn, kó wá ní oṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Ṣàngó tí àjọ UNESCO fi sínú ìwé àkọsílẹ̀ àṣà àjogúnbá aráyé ní ọdún 2023. Ẹ ó rí làbà léjìká, ẹ ó gbọ́ ṣẹ́ẹ̀rẹ́, ẹ ó gbọ́ bàtá. Èrò máa ń pọ̀ nígbà náà, owó ọjà sì máa ń gòkè díẹ̀.

Nílé, ẹ má gbé igbá sínú oòrùn, ẹ má sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Aṣọ tútù ti tó. Ẹ máa fi òrí díẹ̀ pa àpò awọ bó bá ń gbẹ. Bí ojú ìlù bá dẹ̀ nígbà òjò, ẹ gbé e sún mọ́ ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ iná. Bí kò bá padà bọ̀ sípò, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe onílù fa ọ̀sán rẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ṣe é, torí náà ẹ rí i dájú pé ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kí ẹ tó kúrò l'Ọ̀yọ́.